Ṣé àbúrò mi ló ń ta tẹ́tẹ́, àbí ọpọlọ ẹ̀ ló ń bá a ta á?

Ọmọ Òkè-Àdó:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, torí ó ti fẹ́ da ilé wa rú. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń ta, kì í sì í ṣe ti igba náírà tí gbogbo ayé ń ta lópin ọ̀sẹ̀. Lóṣù tó kọjá ìyá wa fi ₦180,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ̀ pé kó bá àwọn ra ìrẹsì ní Bódìjà, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti ta á tán, kò sí ìrẹsì, kò sí owó. Mo ní kó kó ẹrù ẹ̀ jáde. Ni ọmọ àǹtí wa tó ń ka psychology ní UI bá dìde, ó ní kí n fara balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ní free will, ìyẹn òmìnira láti fúnra ẹni yan ohun tá a fẹ́ ṣe, pé wọ́n ti ṣe ìwádìí ẹ̀ ní láábù, ọpọlọ máa ń pinnu kí èèyàn tó mọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn àti bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló ń tì í. Pásítọ̀ wa ní irọ́ gbuu ni, ọmọ náà fojú ara ẹ̀ yàn án ni. Bàbá wa ní tiwọn ní orí tó yàn wáyé nìyẹn. Ta ló jàre nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Tí àbúrò mi ò bá sì jẹ̀bi lóòótọ́, èmi tí mò ń bínú ńkọ́? Àbí èmi nìkan ni mo ní free will nílé wa ni?

* * *

Bàbá Sípéà:

Ìbéèrè tẹ́ ẹ fi parí yẹn ló ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ padà lọ bi ọmọ àǹtí yín. Tó bá jẹ́ pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ló ń ti àbúrò yín débi tẹ́tẹ́, a jẹ́ pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn náà ló ń ti ẹ̀yin débi ìbínú, kò wá lè máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fara balẹ̀ bí ẹni pé ẹ lè yàn án. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ báyìí máa ń yọ ara wọn kúrò nínú ìṣirò. Wọ́n á ní olè ò lè ṣe kó má jalè, wọ́n á tún ní kí adájọ́ yan àánú.

Èmi náà ka psychology kí n tó bá ara mi nídìí sípéà páàtì ní Gate, ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Ibi tí mo dúró sí rèé ká má baà máa yí ara wa kiri. Àbúrò yín ò ní òmìnira tó bí pásítọ̀ ṣe rò, wọn ò sì dè é mọ́lẹ̀ tó bí ọmọ àǹtí yín ṣe ń sọ ọ́. Èyí tó ní náà, iwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kọ́ ló wà o. Ó ti wà kó tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjà ò yá lónìí.

* * *

Bàbá Sípéà:

Ẹnìkan ní Skinner ti parí ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ó dáa.

Skinner, onímọ̀ psychology, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Harvard, kọ odidi ìwé kan lọ́dún 1971 láti fi sọ pé òmìnira tá à ń pariwo ẹ̀ yìí ò sí níbì kankan, pé ohun tí ìwà bá mú bọ̀ fún èèyàn ló ń sọ bóyá á tún un hù. Ṣùgbọ́n èyí tó kan àbúrò yín jù nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni ti eku àti ẹyẹlé inú àpótí. Tí oúnjẹ bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹyẹlé bá fẹnu kan bọ́tìnì, ọjọ́ tí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, kì í pẹ́ tí ẹyẹlé náà á fi jáwọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé nígbà míì lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, nígbà míì lẹ́yìn ogún, nígbà míì lẹ́yìn àádọ́ta, tí kò mọ èyí tó máa bọ́ sí i, á máa kàn án ṣáá ni, bẹ́ ẹ tiẹ̀ dá oúnjẹ dúró pátápátá á ṣì máa kàn án títí. Skinner fúnra ẹ̀ ló sọ pé ohun tó wà nídìí tẹ́tẹ́ nìyẹn.

Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan, ọmọ dáadáa, kì í jí ṣéńjì. Ọ̀sán Sátidé kan mo rán an pé kó lọ gba bíréèkì páàdì wá ní ṣọ́ọ̀bù kejì, mi ò rí i. Ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ni mo ti bá a, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, páàdì wà nínú ọ̀rá lórí itan ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ òsì, ó ti fi àtàǹpàkò nu ún títí nọ́ńbà ara ẹ̀ fi ń parẹ́. Mo dúró síwájú ẹ̀, kò rí mi. Mi ò ní ó ṣe bí ẹni tí ò rí mi o, kò rí mi ni. Nígbà tí eré parí ó ní "ọ̀gá, ẹyọ kan ṣoṣo ló gé e," ojú ẹ̀ sì ń dán bíi ti ẹni tó jẹ. Ìwádìí ti fi hàn pé èyí tó kù díẹ̀ kó wọlé yẹn máa ń mú kéèyàn fẹ́ ta òmíì sí i.

Títí débí, ọmọ àǹtí yín jàre. Ṣùgbọ́n ó ti gé ọ̀rọ̀ Skinner láàbọ̀. Ìgbà wo ni Skinner ní ká káwọ́ gbera? Òun gan-an ló ń pariwo pé ká tún ohun tó yí èèyàn ká ṣe, ìwà á yí. Ẹni tó bá gba Skinner gbọ́ ò yẹ kó máa ní kẹ́ ẹ fara balẹ̀, ó yẹ kó bi yín pé ta ló ń fi ₦180,000 ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́.

* * *

Bàbá Sípéà:

Ti ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ ká yára gbà á kọjá. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì (àwa tí Ìgbó-Ọrà ò jìnnà sí yìí ò ṣàjèjì sí ìbejì) ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wà nídìí bí tẹ́tẹ́ ṣe ń di bárakú, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò mọ ọ̀nà Bódìjà. Ẹ bi bàbá yín náà bóyá wọn ò ta púùlù rí láyé ijọ́un, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

* * *

Bàbá Sípéà:

Ó wá kan ti láábù. Gbogbo yín lẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Libet, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ló ṣe é, ní San Francisco, àbọ̀ ẹ̀ jáde lọ́dún 1983. Ó ní kí àwọn èèyàn jókòó kí wọ́n máa wo àmì kan tó ń yí po bí ọwọ́ aago, ìgbà tó bá ṣáà ti wù wọ́n kí wọ́n mi ọrùn ọwọ́ wọn, kí wọ́n wá sọ ibi tí àmì náà wà nígbà tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn pé àwọn fẹ́ mì í. Wọ́n so wáyà mọ́ wọn lórí. Iná ọpọlọ ti ń gbéra ní nǹkan bíi 0.55 ìṣẹ́jú-àáyá kí ọwọ́ tó mì, ìgbà tó wá ku nǹkan bíi 0.2 ìṣẹ́jú-àáyá kí ọwọ́ mì ni wọ́n tó ní àwọn mọ̀ pé àwọn fẹ́ ẹ. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé ọpọlọ ti pinnu kó tó sọ fún ẹni tó ni ín. Lọ́dún 2008 àwọn kan ní Jámánì tún fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ ṣe irú ẹ̀, bọ́tìnì ọ̀tún àbí tòsì, wọ́n ní ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7 ṣáájú tí àwọn ti ń rí àmì ẹ̀. Ariwo ta.

Wọn kì í sọ ìyókù. Ti Jámánì yẹn, nǹkan bí 60 nínú 100 ni wọ́n ń gbà, ẹni tó bá sì kàn da owó ẹyọ sókè á gba 50. Libet fúnra ẹ̀ ò gbà pé òmìnira ti tán, ó ní láàárín 0.2 tó kù yẹn èèyàn ṣì lè dá ara ẹ̀ dúró. Nígbà tó di 2012, Schurger àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní iná tó ń gbéra yẹn lè má jẹ́ ìpinnu rárá, pé ọpọlọ ò ṣàì ní rìrì tó ń lọ sókè sódò nígbà gbogbo, ìgbà tó bá ṣèèṣì ga tó ni ọwọ́ á mì, torí wọn ò fún ẹni náà ní ìdí kankan tó fi máa mú ìsinsìnyí ju ẹ̀ẹ̀kan sí i lọ.

Kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Ẹnìkan ń mi ọwọ́ láìnídìí nínú láábù. Ẹnìkejì gba owó lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ l'Òkè-Àdó, ó wọ Micra, ó bá dẹ́rẹ́bà fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mú wọn ní Mọ́kọ́lá, ibẹ̀ ló ti yọ fóònù, ó ń wo ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Kí ni 0.55 fẹ́ bá ìyẹn ṣe?

* * *

Bàbá Sípéà:

Sí ẹ̀gbọ́n tó ní òun ta á fọ́dún pípẹ́, òun sì jáwọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo torí òun pinnu: mo bá yín yọ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń fún àwọn tó ní àrùn Parkinson, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Pramipexole lorúkọ ẹ̀, ńṣe ló ń ṣe bíi dopamine, kẹ́míkà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́. Nínú àwọn tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rí àgbàlagbà tí ò fọwọ́ kan tẹ́tẹ́ rí láyé ẹ̀ tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ilé lọ sídìí ẹ̀, tí dókítà bá wá dín oògùn náà kù tàbí tó yọ ọ́ kúrò, ara ẹ̀ á balẹ̀. Ó wà nínú ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ mọ́ oògùn náà. Kí ni pásítọ̀ fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n gbé oògùn mì ni wọ́n fojú ara wọn yan tẹ́tẹ́? Láti 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kó tẹ́tẹ́ tó ti di bárakú sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ọtí àti kokéènì.

Ẹ̀yin jáwọ́ torí ọwọ́ yín ṣeé já. Ọwọ́ ẹlòmíì ò rí bẹ́ẹ̀.

* * *

Bàbá Sípéà:

Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀. "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ẹ ti kọ ọ́, ẹ sì ti ń kan sáárá síra yín. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ orí ti wá nígbà náà, inú odù Ifá tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì.

Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń bọ̀ wáyé, wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kọrí síbẹ̀ tààrà, wọ́n gbé èyí tó dán lójú wọn, orí tí wọn ò sun jinná, òjò pa á lójú ọ̀nà ayé, ó jẹ dànù. Afùwàpẹ́ yà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, wọ́n ní kó mú iyọ̀ àti owó dání nínú ẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló fi ṣe oníbodè lóore, oníbodè fọ̀nà hàn án. Owó yẹn ló fi san gbèsè Àjàlá, torí onígbèsè paraku ni Àjàlá, inú àjà ló ń sá sí fún àwọn olówó ẹ̀ (ẹni tó ń mọ orí gbogbo ayé o!). Àjàlá ló wá bá a mú orí tó dáa.

Ẹ wò ó, ojú Afùwàpẹ́ ò ríran ju tàwọn yòókù lọ nínú ilé tí orí wà. Ká ní wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kóun náà gbé èyí tó ń dán. Gbogbo ohun tó yà á sọ́tọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kó tó wọlé. Bàbá yín mú ìparí ìtàn, wọ́n fi ìrìn àjò ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé àyànmọ́ ò gbóògùn náà kúkú ni wọ́n ń jí lọ dífá láàárọ̀.

* * *

Bàbá Sípéà:

Ẹni tó ní ká má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ rárá pé kò ní free will, pé á bàjẹ́ sí i: ìwádìí kan wà lóòótọ́, ti Vohs àti Schooler, 2008, wọ́n ní àwọn tí wọ́n fún ní àkọsílẹ̀ tó ní òmìnira ò sí kà ṣe màgòmágó ju àwọn yòókù lọ. Ó tàn kálẹ̀ gan-an. Àwọn míì tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, kò jáde bẹ́ẹ̀ fún wọn. Torí náà mi ò ní fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ti Bandura, onímọ̀ psychology míì, ló wọ̀ mí létí jù. Ó ní èèyàn, ìwà ẹ̀, àti ibi tó wà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ti ara wọn. Ó tún ní bí èèyàn bá ṣe gbà pé òun lè ṣe ohun kan tó ló ṣe máa tẹpẹlẹ mọ́ ọn tó. Ohun kan pàtó o. "Mo máa yí padà" ò lórí ò nídìí. "Mo lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá lónìí láìyà," ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bá a bẹ̀rẹ̀.

* * *

Bàbá Sípéà:

Owó wá kù. Ibẹ̀ ni ìjà wà, mo sì rí i bẹ́ ẹ ṣe ń bú ara yín. Apá kan ní kẹ́ ẹ lé e síta kó lọ jẹ̀yà kó gbọ́n. Apá kejì ní kẹ́ ẹ san gbèsè ẹ̀ torí àìsàn ni. Mi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan.

Kẹ́ ẹ tó lé e, ẹ wo àwọn sójà Amẹ́ríkà tó lọ jagun ní Vietnam. Lee Robins ló tọpasẹ̀ àwọn tó padà dé ní 1971. Nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ni heroin ti di bárakú fún níbẹ̀, ìjọba ti ń gbọ̀n pé wàhálà ń wọlé bọ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta tí wọ́n délé, nǹkan bí 12 péré nínú 100 àwọn tó ti di bárakú fún ló tún padà sínú ẹ̀. Ọpọlọ tí wọ́n gbé lọ ni wọ́n gbé bọ̀, ibi tí wọ́n wà ló yí. Nílé wa níbí náà, láti 1954 ni Lambo ti ṣe é ní Àrò l'Ábẹ́òkúta, ìyẹn Lambo, dókítà ọpọlọ tó wá di ọ̀gá àgbà UI lẹ́yìn náà. Dípò kó ti àwọn tórí wọn dàrú mọ́lé, àárín àwọn ará abúlé ló fi wọ́n sí, ìbátan wọn kan tẹ̀ lé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ gba ìtọ́jú. Tẹ́ ẹ bá lé àbúrò yín jáde, ta ló máa gbà á sílé? Àwọn tí wọ́n jọ ń ta á náà ni.

Ṣùgbọ́n heroin àwọn sójà dúró sí Vietnam, tẹ́tẹ́ àbúrò yín sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ nínú fóònù. Torí náà fóònù lẹ máa bá ṣe é. Owó ìyá yín ò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá mọ́ láti òní. Àkáǹtì tẹ́tẹ́ ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi téèyàn ti lè sọ pé kí wọ́n ti òun síta, kó lọ síbẹ̀ kó tì í. Kí ATM ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì tó mọ owó ṣọ́, kó máa gba èyí tó fẹ́ ná lọ́jọ́ kan, kó yọ gbogbo áàpù tó ń yáni lówó. Kó sì lọ rí wọn ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ẹnìkan bi mí pé kí ló wá kù tí ọmọ náà fẹ́ yàn nínú gbogbo èyí. Òun ló máa yan gbogbo ẹ̀! Ìka tiẹ̀ ló máa ti àkáǹtì yẹn. Bíréèkì ni mò ń tà, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ Òkè Mápó tí ò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dé ìsàlẹ̀, kò sí páàdì tó máa gbà á, òkè lèèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ Mọ́ńdè tí ojú ẹ̀ walẹ̀, tí ojú ìyá ẹ̀ ń tì í, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé fóònù síwájú ẹ̀. Lálẹ́ Sátidé kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bá a sọ tó máa yé e. Pásítọ̀ ń wá òmìnira ọmọ yìí lálẹ́ Sátidé, ó ní ó wà. Ọmọ àǹtí yín wá a lálẹ́ Sátidé kan náà, kò rí i, ó ní kò sí.

* * *

Ọmọ Òkè-Àdó:

Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo fi hàn án lánàá. Ibi oògùn Parkinson yẹn ló kà, ó ní "ẹ ò rí i, èmi kọ́, ọpọlọ mi ni". Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Ó wá ku kiní kan tí mi ò sọ: ìdána ẹ̀ wà ní Dìsẹ́ńbà, ilé ìyàwó ò mọ nǹkan kan. Màmá wa ní ká má sọ ọ́, pé tó bá ti gbéyàwó ojú ẹ̀ á là.

* * *

Bàbá Sípéà:

Ẹ ní kí ọpọlọ ẹ̀ máa bọ̀ wá san ₦180,000 nígbà náà.

Ọ̀tọ̀ ni ká dá èèyàn lẹ́bi, ọ̀tọ̀ ni ká gba gbèsè lọ́wọ́ ẹ̀. Òfin gan-an mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń darí ara ẹ̀. Criminal Code tí wọ́n ń lò lápá gúúsù níbí, section 24, ohun tó bá ti ọwọ́ èèyàn ṣẹlẹ̀ láìsí ìfẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, wọn ò ní dá a lẹ́bi ẹ̀. Section 28, ẹni tí àìsàn ọpọlọ gba agbára tó fi ń kó ara ẹ̀ níjàánu lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò ní dá òun náà lẹ́bi. Ẹ kíyè sí i pé òfin ò béèrè bóyá nǹkan kan ló fa ìwà náà, kí ni ò ní ohun tó fà á? Bóyá ó lè kó ara ẹ̀ níjàánu ló ń béèrè. Àbúrò yín ń lọ síbi iṣẹ́, ó mọ irọ́ tó máa pa fún ìyá yín àti èyí tó máa pa fún yín, ìjánu kan ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kó máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kì báà jẹ́ ₦10,000, sọ́wọ́ ìyá yín tààrà. Ẹ̀yin ẹ má bá a san kọ́bọ̀.

Ti ilé ìyàwó, ẹ bá mi bẹ màmá. Kò sí ìwádìí tàbí odù kankan nínú gbogbo èyí tí mo kọ sókè tó ní ìgbéyàwó ń la ojú onítẹ́tẹ́. Kí ọmọkùnrin náà fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọbìnrin náà, ẹ dá ọjọ́ fún un, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọmọbìnrin yẹn náà fẹ́ yan nǹkan, ẹni tí wọ́n bá sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún, wọ́n ti bá a yàn án tán. Tí ọjọ́ bá pé tí kò sọ ọ́, kí màmá pe ìyá ọmọ náà, ìjà tó bá máa ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ kí aṣọ ẹbí tó jáde.

Àti pé ẹ dúró ná, owó ìdána yẹn, ọ̀dọ̀ ta ló wà báyìí? Ẹ dá mi lóhùn kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù.